Apá Fàtímọ̀ Mọ́ Tónítóní

Ìwó,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Èrèlé, 1957.

Ràhámọ̀tù ọmọ mi,

"Láti òní lọ, ìjọba ti ti ilẹ̀kùn ìlú Ìwó mọ́ olóde títí ayérayé, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà sì ń bẹ lápò mi."

Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá Ìlera wí lọ́jọ́ Túsìdeé, lábẹ́ igi máńgòrò ilé ìwé wa, nínú kóòtù dúdú, nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gẹ́lẹ́, nítorí pé bó bá ti sọ gbólóhùn kan tán, á wojú mi bóyá mo ń kọ ọ́. Mo wo àpò kóòtù náà dáadáa. Ìnujú ni mo rí níbẹ̀.

Mo kí ọ o. Ṣé òtútù ibẹ̀ ti ń rọlẹ̀? Ṣé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù? Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ síbí pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Mo ní mo ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà mẹ́tàlá, ó ní kí n kọ ọ́ sí ìkẹrìnlá. Mo ti kọ ọ́.

Ìròyìn tó wà nílẹ̀ ni pé olóde ti wọ Kúta. O mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn, àmọ́ àwọn ará ilé wa kì í pè é, kó má baà rò pé òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Tísà ni mí, àní tísà tó ti fẹ̀yìn tì, mo lè kọ ọ́: ṣànpọ̀nná. Ìyá rẹ kò mọ̀ọ́kà, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò bá mi jà.

Ìwọ lo kọ̀wé ní ìparí ọdún tó kọjá pé kí n rí i dájú pé wọ́n bupá fún Fàtímọ̀ kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó le. Mo ṣe é. Mo tilẹ̀ ṣe é ju bó o ṣe ní kí n ṣe é lọ. Ọjọ́ méjì ni àwọn wòléwòlé fi lu agogo kiri Gidigbo àti Ìsàlẹ̀ Ọbà pé kí gbogbo ènìyàn jáde wá bupá. Ènìyàn mẹ́rin ló jáde, méjì nínú wọn ń lọ sọ́jà ni. Àwọn tó kù ti ń di ẹrù lọ sí abà. Ìgbà náà ni wọ́n rántí èmi. Wọ́n ní èmi ni mo kọ́ ìdajì ìlú yìí ní ìwé kíkà, pé bí mo bá sọ̀rọ̀, wọn yóò gbọ́.

O mọ̀ mí. Ẹni tó bá ní kí n sọ̀rọ̀ kò tún ní láti bẹ̀ mí. Mo sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí, mo dárúkọ àwọn ìlú tí mi ò dé rí. Nígbà tí mo rí i pé wọ́n ń wò mí bí ẹní ń wo òjò tí kò ní í rọ̀, mo ní kí wọ́n mú Fàtímọ̀ wá láti ilé. Mo gbé e sókè. Mo ní, "Ọmọ ọmọ mi kan ṣoṣo nìyí. Apá tirẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bù."

Fàtímọ̀ kò sunkún. Ó kàn bi abupá pé kí ló dé tí abẹ rẹ̀ fi ń mu iná. Ògúnbáyọ̀ ni orúkọ abupá náà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan báyìí. Bó bá bu ẹnì kan tán, á ki abẹ rẹ̀ bọ iná àtùpà sípíríìtì, á jẹ́ kó tutù, kó tó kan ẹlòmíràn. Ó dá a lóhùn pé ebi ló ń pa á.

Lẹ́yìn ìyẹn, èrò ya. Mo jókòó, mo ṣí ìwé orúkọ bíi ti ọjọ́ ilé ìwé: ẹni kìíní, Fàtímọ̀; ẹni kejì, ẹni kẹta, ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, títí dé mẹ́tàlélógóje. Ohun kékeré kan ló fẹ́ dí wa lọ́wọ́. Nígbà tó di ẹni ọgọ́ta, sípíríìtì tán nínú àtùpà. Ògúnbáyọ̀ ní kí àwọn tó kù lọ sílé, kí wọ́n padà wá lọ́la. Mo ní, "Ògúnbáyọ̀, o kò mọ Ìwó. Ẹni tó bá lọ sílé lónìí, abà ni ilẹ̀ yóò ti mọ́ ọn." Ọ̀gá Ìlera náà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ni Ògúnbáyọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú àti omi nu abẹ rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn sí i, àmọ́ a parí kí oòrùn tó wọ̀. Ọ̀gá Ìlera bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó yẹ kí inú rẹ dùn sí bàbá rẹ.

Èmi ni,
Gàníyù Àyàndìran.


Liverpool,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Èrèlé, 1957.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín kí n tó mú kálàmù. Ọmọbìnrin tí a jọ ń gbé yàrá bi mí pé kí ni mo sọnù sílẹ̀. Mo kí ìyá mi. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé odídẹrẹ́ wọn wà láàyè, ó kàn jẹ́ pé òtútù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ìyẹ́ rẹ̀ tán.

Lẹ́tà yín dé ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn. Inú mi dùn pé wọ́n ti bupá fún Fàtímọ̀. Lẹ́yìn náà, inú mi kò dùn mọ́. Ẹ má bínú sí mi. Mo ní kí ẹ bupá fún ọmọ mi ni o, mi ò ní kí ẹ fi ṣe àsíá. Ẹ rántí ohun tó gbé mi dé ibí. Nígbà tí olóde pa bàbá Fàtímọ̀ ní Ilé-Ogbó, àwọn àgbà ní mi ò gbọdọ̀ sunkún, wọ́n ní kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ohun tó pa á. Mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Fàtímọ̀ nìkan ló ṣẹ́kù fún mi nínú gbogbo ọpẹ́ yẹn.

Bàbá mi, ohun kékeré tí ẹ sọ yẹn, kì í ṣe ohun kékeré. Níbí, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi abẹ tí kò rí iná kan ara aláìsàn, ilé ni wọ́n máa lé e lọ. Òwú àti omi kì í pa ohun tó ń mú egbò kẹ̀. Ńṣe ló ń gbé e láti apá ẹnì kan lọ sí apá ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ wo àwọn tó wà lẹ́yìn ẹni ọgọ́ta nínú ìwé yín. Ẹni tí apá rẹ̀ bá wú, tó ń ṣọyún, tí ara rẹ̀ sì gbóná, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó gbé e lọ gba oògùn.

Ẹ kò sì sọ bí apá Fàtímọ̀ fúnra rẹ̀ ti rí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ nípa ìnujú Ọ̀gá Ìlera, ẹ kò kọ nípa apá ọmọ mi. Kí ló yọ níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹta? Kí ló yọ lọ́jọ́ kẹjọ? Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ló kù kí n tó jáde níbí. Mo ti fọwọ́ sí ìwé, kò sí ọ̀nà àbùjá.

Ọmọ yín,
Ràhámọ̀tù.


Ìwó,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Ẹrẹ́nà, 1957.

Ràhámọ̀tù,

Mo kí ọ o. Lẹ́tà rẹ dé lánàá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́ mo bínú, mo ní ọmọ tí mo kọ́ ní "a" ló ń kọ́ mi ní egbò. Nígbà kejì, mo dìde lọ mú ìwé orúkọ.

Òótọ́ lo sọ. Láti ẹni kìíní dé ẹni ọgọ́ta, kò sí ẹni tí egbò rẹ̀ kẹ̀. Láti ìkọkànlélọ́gọ́ta lọ, mo ti ka mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Orúkọ tí àdúgbò fún un ni Egbò Tísà. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ wọn, kò sí ẹni tó fi orúkọ mi sọ nǹkan kan rí. Wàyí o, mo ti ní nǹkan.

O rántí Yẹ̀kínì alápatà tí ògiri ilé wa kan tirẹ̀? Ọmọ rẹ̀, Mùrí, ni ẹni kẹrìnléláàádọ́rin. Apá ọmọ náà wú títí dé èjìká, ó sì ń rùn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, bí a ti kírun tán, Yẹ̀kínì dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

Ó ní, "Tísà, apá ọmọ yín mọ́ tónítóní. Ti ọmọ tèmi ń jẹrà. Ṣé oògùn méjì ló wà nínú àpótí yẹn ni?"

Mo ti ń fura sí abẹ náà kí lẹ́tà rẹ tó dé. Bí mo bá ní abẹ ni, èmi ni mo ní kí Ògúnbáyọ̀ máa fi abẹ náà bù wọ́n lọ. Ìlú yóò sì gbọ́ pé abẹ ìjọba ń pani, wọn yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ra, olóde tó wà ní Kúta kò sì jìnnà. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á ní oògùn bupá gan-an ló burú, ìyẹn sì jẹ́ irọ́. Ibi tí mo bá yíjú sí, ara mi ni mo ń bá pàdé níbẹ̀. Mo ní kí Yẹ̀kínì jẹ́ kí n gbé Mùrí lọ gba oògùn. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní ṣé abẹ́rẹ́ mìíràn tún ni. Ìyá ọmọ ló gbé e lé mi lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ sọ́jà. Wọ́n gún un ní pẹnisílíìnì lẹ́ẹ̀mẹrin. Wíwú náà ti ń lọ sílẹ̀, àmọ́ Yẹ̀kínì kò tíì kí mi.

Nípa ti Fàtímọ̀, fọkàn balẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ, kò sí nǹkan kan. Kò wú, kò yọ, kò ṣomi. Bí èékánná ológbò bá ha ènìyàn, yóò hàn ju ìyẹn lọ. Apá rẹ̀ mọ́ tónítóní, ìyẹn nìkan ló sì ń gbè mí lẹ́nu ní ìlú yìí. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ sí bupá lójú mi, mo máa ń pe Fàtímọ̀ jáde ni.

Mo fi han Ọ̀gá Ìlera nígbà tó kọjá. Ó ń kọ̀wé lọ́wọ́, kò wò ó pẹ́, àmọ́ ó sọ pé irú apá báyìí ni ìjọba ń fẹ́. Ó ní àwọn ará Kúta ti gbọ́ nípa Egbò Tísà, wọ́n sì ti kọ bupá pátápátá, pé kí n gbé Fàtímọ̀ lọ bá wọn lọ́jọ́ Túsìdeé tó ń bọ̀ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Mo bi í pé kí ni kò jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ lọ. Ó ní òun ń lọ fún ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Mo rò pé kọ́kọ́rọ́ náà ń bá a lọ.

Mo ti gbà. Kí ni ǹ bá ṣe? Ògúnbáyọ̀ ti lọ sí ọ̀nà Ẹjìgbò, ẹnu mi nìkan kò sì tó mọ́. Ọmọ tí wọ́n ti bupá fún, kí ni Kúta lè fi í ṣe?

Ìyá rẹ nìkan ni kò fẹ́. Ó ní, "Ẹ má gbé ọmọ yẹn lọ." Mo bi í pé kí ló dé. Ó wọlé lọ.

Bàbá rẹ,
Gàníyù Àyàndìran.


Liverpool,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ẹrẹ́nà, 1957.

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí.

Lẹ́tà yín dé láàárọ̀ yìí. Mo ka ibi tí ẹ ti sọ nípa Túsìdeé, mo wo kàlẹ́ńdà, mo rí i pé ó ti kọjá. Mo sáré nínú aṣọ iṣẹ́ lọ tẹ wáyà sí yín. Mo mọ̀ pé yóò ti dé ọwọ́ yín tipẹ́ kí lẹ́tà yìí tó dé. Ohun tí mo tẹ̀ ni pé Fàtímọ̀ kò ní ààbò, ẹ má lọ sí Kúta, ẹ tún apá rẹ̀ bù kíákíá.

Bàbá mi, bupá tó bá mú, ó gbọ́dọ̀ yọ. Lọ́jọ́ kẹta tàbí ìkẹrin yóò yọ bí eéwo kékeré, lọ́jọ́ kẹjọ yóò ti kún fún omi, yóò gbẹ, èèpá rẹ̀ yóò bọ́, ojú rẹ̀ kò sì ní í parẹ́ títí ẹni náà yóò fi dàgbà. Apá tó mọ́ tónítóní ni apá tí kò gba nǹkan kan. Mùrí tí apá rẹ̀ wú yẹn, ó ṣeé ṣe kí bupá ti mú un. Ọmọ tèmi, tí ẹ ń gbé kiri, bí ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án rí ló wà.

Ẹ fi pẹ̀lẹ́ bi ìyá mi léèrè ohun kan fún mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọn kì í jẹ́ kí gbẹ́rẹ́ tí ará ìta bá sín fún wa sùn mọ́ wa lára. Ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n ṣe sí apá yẹn nígbà tí ọmọ délé. Ẹ má bá wọn jà.

Bí ẹ bá ti dé Kúta kí wáyà mi tó dé, ó ku ọ̀nà kan. Bí wọ́n bá tún apá rẹ̀ bù láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin tó fara kan àrùn náà, bupá lè sáré ṣíwájú rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà.

Ẹ má ro ohun tí ìlú yóò sọ. Ẹ tún un bù lójú gbogbo wọn.

Ràhámọ̀tù.


Liverpool,
Ogúnjọ́, oṣù Ẹrẹ́nà, 1957.

Bàbá mi, ìyá mi,

Mo kí yín. Ọjọ́ mẹ́fà ti kọjá, ẹ kò dá wáyà mi lóhùn. Pósọ́ọ́fíìsì ibí sọ pé ó dé Ìwó lọ́jọ́ kejì tí mo tẹ̀ ẹ́, pé ẹnì kan gbà á nílé wa. Ta ló gbà á?

Mo lọ bá ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n fún mi láyè kí n lọ sílé. Ó bi mí pé ṣé ọmọ náà ń ṣàìsàn. Mo ní rárá. Ó ní kí ló wá dé tí mo fi ń sunkún. Ọkọ̀ ojú omi yóò lo ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lójú òkun; kí n tó dé, ohun tó bá máa ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Lọ́sàn-án òní, èmi ni mo wẹ gbogbo ọmọ tó wà ní wọ́ọ̀dù wa. Ọmọ mẹ́rìndínlógún. Mo ń wo apá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ fèsì, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ràhámọ̀tù.


Ìwó,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Ẹrẹ́nà, 1957.

Ràhámọ̀tù ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ kejì dé láàárọ̀ yìí. O béèrè ẹni tó gba wáyà. Ìyá rẹ ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, mo wà ní mọ́sálásí. O mọ ohun tí wáyà jẹ́ ní àdúgbò yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti dé àdúgbò wa láti ìgbà tí a ti kọ́lé síbí, ẹ̀ẹ̀mẹta náà la sunkún. Kò sí ẹni tí ń tẹ wáyà láti kí ènìyàn. Bí ẹni tó mú un wá ti yọ ọ́ lápò, tó sì ní láti ìlú òyìnbó ni, ìyá rẹ ti mọ̀ pé o ti kú. Ó gbà á, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ kì í bọ ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀. Ó ní bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì ṣí i, o kò tíì kú. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi gbálẹ̀, tó fi se oúnjẹ, tó fi dá mi lóhùn, kò sì jẹun. Mo ṣàkíyèsí pé kò jẹun. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní ṣé ó ti ń fi ara kọ́ ààwẹ̀ tó ń bọ̀ ni.

Ọjọ́ keje ni lẹ́tà rẹ àkọ́kọ́ dé. Mo ń kà á sókè fún un. Nígbà tí mo dé ibi tó o ti sọ pé o tẹ wáyà, mo ní, "Wáyà wo?" Ìyá rẹ bi mí pé, "Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń pe orúkọ rẹ. Ó sáré wọlé, ó gbé e jáde fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun. Mo ṣí i. Ẹ̀rín náà kò pẹ́.

Mo fi pẹ̀lẹ́ bi í nípa apá, bó o ṣe ní kí n ṣe. Ó ní, "Mo fọ̀ ọ́. Bí wọ́n ṣe mú un wọlé báyìí ni mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, tí mo tún fún ohun tí wọ́n fi sí i dànù. Èmi kì í fi gbẹ́rẹ́ ẹni tí mi ò mọ̀ sílẹ̀ lára ọmọ. Ẹ̀yin ẹ mú un lọ sáàárín èrò. Ẹ ò bi mí."

Mo fẹ́ bínú, mi ò rí ibi tí mo máa gbé ìbínú náà sí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bi ọmọ ọlọ́mọ ní ìbéèrè. Òótọ́ ni, mi ò bi í.

A ti lọ sí Kúta, Ràhámọ̀tù. A sun ọjọ́ kan níbẹ̀, nílé ẹnì kan tí mo kọ́ níwèé. Mo gbé Fàtímọ̀ dúró lórí tábìlì, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè bí mo ti kọ́ ọ, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́ fún un. Òun àti ọmọbìnrin onílé jọ jẹun nínú àwo kan, wọ́n sì jọ sùn lórí ẹní kan. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi ní ìjẹta pé ọmọbìnrin náà dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí a kúrò. Olóde ni.

Lọ́jọ́ tí lẹ́tà rẹ àkọ́kọ́ dé, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ wá Ògúnbáyọ̀ rí ní ọ̀nà Ẹjìgbò, mo dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, a jọ padà ní kùtùkùtù. Ó gbé ìgò sípíríìtì méjì dání. A lu agogo. Àwọn ènìyàn wá, wọ́n dúró lókèèrè, ọwọ́ wọn wà nínú aṣọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, kò gba ìdajì wákàtí lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní oògùn bupá kò ní ẹ̀bi, Ògúnbáyọ̀ kò ní ẹ̀bi, abẹ tí kò rí iná ló mú egbò kẹ̀, èmi ni mo sì ní kí ó má dúró de iná. Mo ní apá Fàtímọ̀ tí mo fi ń yangàn, kò gba nǹkan kan.

Yẹ̀kínì wà níbẹ̀ pẹ̀lú Mùrí ní èjìká. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó ní, "Tísà, ọ̀rọ̀ yín dára. Ọjọ́ tí mo bi yín ni ẹ̀ bá ti sọ ọ́." Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó ń lọ sílé, àwọn kan tẹ̀ lé e.

Mo ṣí ojú ewé tuntun. Ògúnbáyọ̀ fi iná sun abẹ rẹ̀ títí ó fi dúdú. Ẹni kìíní, Fàtímọ̀. Ó sunkún lọ́tẹ̀ yìí. Mo gbé ojú sókè, mo rí i pé ìyá rẹ ti ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ sókè, ó na apá rẹ̀ sí Ògúnbáyọ̀. Ẹni kejì, Àjíkẹ́. Kò sí ẹni kẹta. A jókòó síbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Sípíríìtì ṣẹ́kù rẹpẹtẹ.

Ọjọ́ kẹwàá tí a ti dé Kúta ni wọ́n tún apá rẹ̀ bù. O ní ọjọ́ mẹ́rin. Ká ní mo mọ̀ pé wáyà wà nínú àpótí, ọjọ́ kẹta ló dé.

Òní ló pé ọjọ́ mẹ́fà tí wọ́n bupá fún un, ó pé ọjọ́ mẹ́rìndínlógún tí a dé Kúta. Bupá náà ti yọ, ó yọ dáadáa, ó ti ń ṣomi. Ìyá rẹ kò fọwọ́ kàn án. Ó jókòó tì í, ó ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ ìró. Àmọ́ láti ìdájí òní ni ara ọmọ náà ti ń gbóná. Kò mu ẹ̀kọ. Ó ní orí àti ẹ̀yìn ń dun òun. Mo lọ pe Ògúnbáyọ̀, tí kò tíì padà sí ọ̀nà Ẹjìgbò. Ó ní bupá tó bá mú dáadáa lè mú ara gbóná ní ìwọ̀n ọjọ́ kẹfà. Ó tún ní báyìí náà ni olóde ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́jọ ni lẹ́tà yìí yóò lò lọ́nà. Kí o tó ṣí i, a ó ti mọ̀. Síbẹ̀ mo ń kọ ọ́, nítorí pé ìwọ lo kọ́ iṣẹ́ náà, mi ò sì rí ẹlòmíràn bi. Ìyá rẹ ń wo ẹnu mi. Ara gbígbóná yìí, Ràhámọ̀tù, ti bupá ni, àbí ti Kúta?